Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìmọ̀ Èdè Nínú Iṣẹ́ Àtẹ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, Pẹ̀lú Àfiyèsí sí Mpape

1.0 Ìfáárà

Yorùbá gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni méjì bá fojú kan ara wọn ni ọ̀rọ̀ gidi tó ń jáde. Òwe yìí bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mu dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣe àti ẹni tí ó wá wò ó ti ń fojú rinjú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìfojúrinjú ni ó ń bí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n rìn yí gbogbo yàrá rẹ̀ ká, tí wọ́n sì jáde láìmọ̀ ju pé àwọn rí ère, àwọn rí ìkòkò, àwọn rí idà.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ àtẹ ṣíṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pàápàá àtẹ tí ó mú ọgbọ́n tuntun lọ́wọ́. Èrò wa ni pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń sọ àtẹ di tuntun bí kò ṣe ohun tí a fẹ́ sọ, ẹni tí a fẹ́ sọ ọ́ fún, àti ẹni tí a jẹ́ kí ó sọ ọ́. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè ní iṣẹ́ níbẹ̀ tí a kò tíì ṣe tó. Ibi tí a óò ti dán èrò yìí wò ni Mpape, ìlú àwọn Gbagyi tí ó wà lórí òkè ní ẹ̀bá Maitama ní Abuja.

Nínú iṣẹ́ yìí, ‘olùpàtẹ’ ni a óò máa pe ẹni tí ó ń ṣètò àtẹ, a óò sì máa pe ẹni tí ó wá wò ó ní ‘olùwòran’.

2.0 Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Wa

Èsìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, ni a kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 1945. Ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ti Jos tẹ̀ lé e ní ọdún 1952, ti Ilé-Ifẹ̀ ní 1954, ti Oníkan ní Èkó sì ṣí ní 1957. Ní ọdún 1979 ni òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún náà dá àjọ tí ó ń bójú tó gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà kò kẹ́yìn. Ní ọdún 1963, ìjọba Nàìjíríà àti UNESCO fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Jos fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tí ó ń sọ Faransé. Ní ọdún 1998, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Jos yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́ àwòkọ ilé àti odi ìlú láti oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà sí gbangba, tí olùwòran lè rìn láàárín wọn. Èyí fi hàn pé kì í ṣe inú àpótí dígí nìkan ni àtẹ ń gbé, àti pé ọgbọ́n tuntun nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí Èsìẹ́. Ìtàn tí a ń sọ níbẹ̀ ni pé àlejò ni àwọn ère wọ̀nyí nígbà kan rí, kí wọ́n tó di òkúta. Onímọ̀ ìwalẹ̀ lè má gba ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn yìí ni ó mú kí àwọn ará ìlú máa bọ̀wọ̀ fún àwọn ère náà, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn, kí ìjọba tó mọ̀ pé wọ́n wà. Olùpàtẹ tí ó bá kọ irú òkúta àti gíga rẹ̀ sílẹ̀, tí ó wá fi ìtàn náà sílẹ̀, ti yọ ohun tí ó pa ère náà mọ́ kúrò lára rẹ̀.

3.0 Àtẹ Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀rọ̀ Sísọ

Ọjà ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà ‘àtẹ’ wá. Ìyá alátẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kàn da ọjà sílẹ̀. Ó máa ń to tòmátì jọ ní òkìtì òkìtì, a fi èyí tí ó pọ́n dáadáa sí iwájú, a sì fi èyí tí ó ti ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè dín owó rẹ̀. Kí ó tó lanu polówó ni títò rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń kọjá ti mọ èyí tí ó wọ́n, ó ti mọ èyí tí ó pọ̀, ó sì ti mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti ná an.

Bákan náà ni ó rí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ọdún 1988, Susan Vogel ṣe àtẹ kan ní New York tí ó fi yé ayé pé ibi tí a gbé nǹkan sí jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀. Ó mú àwọ̀n ìdẹ̀dẹ àwọn Zande tí wọ́n dì jọ, ó gbé e sórí pèpéle pẹlẹbẹ nínú yàrá funfun, ó sì tan iná sí i bí ẹni tan iná sí iṣẹ́ ọnà ńlá. Ọ̀pọ̀ olùwòran ló gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó ni ín fi ń dẹ̀gbẹ́ ti di ère ní ojú ẹlòmíràn, láìsí pé ẹnikẹ́ni purọ́ ní gbólóhùn kan. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí àtẹ tí kò sọ̀rọ̀. Bí olùpàtẹ kò bá mọ ohun tí àtẹ rẹ̀ ń sọ, àtẹ náà yóò sọ tinú ara rẹ̀.

4.0 Ìpele Iṣẹ́ Náà

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ní láti mọ ìpele márùn-ún, ó kéré tán.

4.1 Kókó Ọ̀rọ̀

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó yẹ kí àtẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò tó kí a ní ‘Àtẹ nípa aró’. Orí ọ̀rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe gbólóhùn, kò sì sọ nǹkan kan nípa aró. ‘Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni aró rírẹ, obìnrin ni ó sì ni ìmọ̀ náà’ jẹ́ gbólóhùn. Ó ní olùwà, ó ní ohun tí a sọ nípa rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè jiyàn sí i. Gbogbo ohun tí kò bá ran gbólóhùn yìí lọ́wọ́ ni a óò yọ kúrò, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ẹni tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń tú gbólóhùn palẹ̀ ti ní ohun èlò àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí.

4.2 Orúkọ Ohun

Lẹ́yìn kókó ọ̀rọ̀ ni yíyan ohun tí a óò tẹ́, àti sísọ ọ́ lórúkọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ àtẹ ti ń pàdánù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ara orù, ìsaasùn, àgbada àti ìkòkò aró, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ni ó sọ pé omi ni a ń pọn sínú ọ̀kan, pé ọbẹ̀ ni a ń sè nínú èkejì, pé a ń dín nǹkan nínú ẹ̀kẹta. Bí orúkọ bá sọnù, iṣẹ́ ohun náà ti sọnù, ẹni tí ó ń lò ó náà sì ti sọnù.

4.3 Àlàyé Ara Àtẹ

Ìdúró ni olùwòran ń ka àlàyé. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọmọ ń fà á láṣọ, àwọn ènìyàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, àlàyé tí a kọ sí ara ohun kan kò yẹ kí ó ju nǹkan bí ọgọ́ta ọ̀rọ̀ lọ, ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ darí ojú kí ó tó darí ọkàn. Ẹ jẹ́ kí a fi àlàyé méjì tí a kọ fún ìkòkò kan náà wéra:

(i) Ìkòkò amọ̀ fún aró. Ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rúndún ogún.

(ii) Ẹ wo ìdí ìkòkò yìí: a dá a lu. Eérú ni aláró ń kó sínú rẹ̀. Ó ń bu omi lé e, omi náà sì ń ro sínú ìkòkò kejì tí ó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni ó ń jẹ́ kí elú tú sínú omi tí aṣọ fi lè mu ún. Láìsí ihò wọ̀nyí, kò sí àdìrẹ.

Kò sí irọ́ nínú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò rán ojú níṣẹ́. Èkejì mú kí olùwòran bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ìkòkò, ó sì fi yé e pé ìmọ̀ ni ó ń wò. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rọ̀ àyálò kan nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ń sọ pé èdè Yorùbá kò lè gbé irú iṣẹ́ yìí kò tíì gbìyànjú rẹ̀ ni.

4.4 Ààyè, Ìmọ́lẹ̀ àti Ọ̀nà

Àwọn òfin iṣẹ́ wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Aṣọ, ìwé àti awọ ń ṣá bí iná bá pọ̀ lórí wọn. Ìwọ̀n tí a gbà káàkiri ayé fún wọn ni nǹkan bí 50 lux. Òkúta àti amọ̀ kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Àárín àwòrán tí a gbé kọ́ ògiri máa ń wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 150 sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ni yóò pọ̀ jù, kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà yípo. Bí ìtàn náà bá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ọ̀nà náà ní wọn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, kí ọ̀nà náà pọ̀. A ń sọ èyí ní ṣókí nítorí pé ó rọrùn láti kọ́. Ohun tí ó ṣòro ni èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e.

4.5 Ìdánwò

Kí a tó ná owó, kí a kọ́kọ́ fi páálí àti ìwé ṣe àwòṣe àtẹ náà, kí a sì pe àwọn tí a ń ṣe é fún wá wò ó. Kí a má ṣe bi wọ́n pé ṣé ó dára, nítorí pé ọ̀wọ̀ yóò mú kí wọ́n dáhùn pé ó dára. Ohun tí a óò bi wọ́n ni pé, ‘Kí ni ẹ ó sọ fún ẹni tí ó wà nílé pé ẹ rí?’ Bí ìdáhùn wọn kò bá jọ gbólóhùn tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àtẹ ni ó kùnà, kì í ṣe olùwòran. Ìdánwò yìí wáyé ní ẹ̀ẹ̀mẹta: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn tí a bá ti ṣí àtẹ.

5.0 Mpape: Bí Àtẹ Kan Ṣe Lè Rí

Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin kẹfà ọdún náà ya ilẹ̀ olú-ìlú tuntun sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó dé Abuja pátápátá. Ìlú tí ó ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀ yọ̀ǹda orúkọ rẹ̀ fún olú-ìlú, òun náà sì di Suleja. Àwọn Gbagyi wà lára àwọn tí ó ti ń gbé orí ilẹ̀ yìí kí ìyàwòrán ìlú tó dé. Mpape, tí ó wà lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Agbègbè Bwari, jẹ́ ọ̀kan lára ibùgbé wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, Yorùbá pẹ̀lú, wá ń gbé ibẹ̀ nítorí pé agbára wọn kò ká owó ilé ní àárín ìlú. Orí àpáta ni Mpape wà, a sì ti fọ́ òkúta rẹ̀ fún ilé àti títì olú-ìlú. Ní ọdún 2012, ọ̀rọ̀ wíwó Mpape dìde, ó sì di ti ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ àti ní Maitama, tí olówó àti mẹ̀kúnnù jọ sá síta.

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pète àtẹ kan nípa Mpape, kí ni gbólóhùn wọn yóò jẹ́? Èyí tí a dábàá ni: ‘Ara Mpape ni a ti gé olú-ìlú.’ Gbólóhùn yìí ní òkúta nínú, ó ní ènìyàn nínú, ó sì ní ẹjọ́ nínú. Ẹ̀ka mẹ́ta ni a lè pín àtẹ rẹ̀ sí.

Èkíní ni òkúta. Kí a gbé òkúta Mpape kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tí olùwòran lè fọwọ́ kàn, kí a sì fi àwòrán títì ńlá Abuja kan sí ògiri níwájú rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò nílò ju gbólóhùn kan lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ohùn àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ ti máa sọ bí ilẹ̀ ṣe mì ní 2018, olúkúlùkù ní èdè tirẹ̀.

Èkejì ni amọ̀ àti èjìká. Gbogbo ẹni tí ó bá ti na owó ogún náírà ti rí Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti Kwali, àní bí kò bá mọ̀ ọ́n. Ààfin Ẹ́míà Abuja, èyí tí ó di Suleja, ni Michael Cardew ti rí ìkòkò rẹ̀, kí ó tó di pé obìnrin náà wọ ilé-iṣẹ́ ìmọkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1954. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé nínú ààfin ni a ti kọ́kọ́ tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èjìká ni obìnrin Gbagyi fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí. Olùpàtẹ aláìmọ̀kan yóò fi ère obìnrin kan síbẹ̀. Olùpàtẹ tí ó gbọ́n yóò fi igi ìdáná tí a dì jọ síbẹ̀, yóò sì jẹ́ kí olùwòran gbé e lé èjìká ara rẹ̀, kí ó tó gbọ́ ohùn ìyá kan tí ó ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní èdè Gbagyi.

Ẹ̀kẹta ni ilé, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Fún èyí, àwòkọ́ṣe wà ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1966, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kéde pé àdúgbò District Six ní Cape Town di ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ènìyàn tí wọ́n lé kúrò, tí wọ́n sì wó ilé wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé District Six ṣí nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ohun tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ rẹ̀ ni àwòrán àdúgbò náà ní ńlá, wọ́n sì ní kí àwọn tí a lé kúrò fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ sí ibi tí ilé wọn wà. Àwọn pátákó orúkọ òpópó tí ẹnì kan ti fi pa mọ́ nígbà tí wọ́n ń wó ilé ni wọ́n gbé kọ́ sókè. Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye níbẹ̀. Ọgbọ́n tuntun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ ni ó kọ àlàyé.

Irú àwòrán ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní Mpape, nínú yàrá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Wọ́n ti wó District Six kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ tó dé; ènìyàn ṣì ń gbé Mpape. Àtẹ tí ó bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tí ó ti kọjá yóò dà bí ẹni ń sun rárà òkú fún alààyè. Ó sì lè ran ẹni tí ó fẹ́ wó o lọ́wọ́.

6.0 Ipa Onímọ̀ Èdè

Ìbéèrè kan yóò wá: èdè wo ni a óò fi kọ àtẹ Mpape? Ìdáhùn wa ni pé Gbagyi ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹbí Nupe ni èdè yìí, ó sì bá Yorùbá tan nínú ẹbí ńlá Benue-Congo. Kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá láti túmọ̀ Gbagyi fún Gbagyi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ọgbọ́n ìgbàsílẹ̀ ohùn, ìkọsílẹ̀ àti ìtumọ̀ wá, kí ó sì jókòó ti ẹni tí ó ni èdè. A kò lè kọ èdè mẹ́rin ní kíkún sí ara pátákó kan kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Nítorí náà, kí gbólóhùn kan wà ní èdè kọ̀ọ̀kan, kí ohùn sì ṣe ìyókù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an, iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn John Randle fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìṣílé rẹ̀ ní Oníkan ní oṣù kìíní ọdún 2023, fi hàn pé ìtàn wa lè ní ilé tirẹ̀ ní àárín Èkó. Ṣùgbọ́n ilé kan kò tó. Ohun mẹ́ta ni a rò pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè lè ṣe láìdúró de owó. Èkíní, kí àlàyé ara àtẹ kíkọ di ara ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀kọ́ àròkọ àti ìtumọ̀. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba oríkì àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ máa kọ orúkọ, ìlò àti ẹ̀yà ara ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kó ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó sún mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, kí a gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ kí a tó tẹ́ ẹ síta. Ohùn tí ìyá arúgbó fi sọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé títí yóò fi sọ pé kí ó rí bẹ́ẹ̀.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ sísọ ni àtẹ ṣíṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àti pé ọgbọ́n tuntun rẹ̀ wà nínú gbólóhùn tí ó gún régé, orúkọ tí ó pé, àlàyé tí ó darí ojú, àti ohùn ẹni tí ó ni ìtàn. A fi ìkòkò aró ṣe àpẹẹrẹ, a sì fi Mpape ṣe ìdánwò. Ayàwòrán ilé, gbẹ́nàgbẹ́nà, onímọ̀ ìwalẹ̀ àti onímọ̀ èdè ni yóò jọ ṣe iṣẹ́ náà, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí wọ́n tó gbẹ́ àpótí dígí kankan ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè ti wà ní ìjókòó, nígbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè pé, ‘Kí ni a fẹ́ sọ?’